Ìbò Tí A So Mọ́ra

Washington, Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje, 1941

Ooru mú gan-an. Fáànù orí tábìlì mi kò ṣe ju pé ó ń ti afẹ́fẹ́ gbígbóná láti igun kan lọ sí igun kejì.

Ààrẹ ránṣẹ́ sí Ilé Aṣòfin lónìí. Ó ní kí a má ṣe dá àwọn ọmọ tí a kó wọṣẹ́ ológun lọ́dún tó kọjá sílẹ̀ nígbà tí oṣù méjìlá wọn bá pé, nítorí pé ewu ń bọ̀. Nígbà tí a ka ọ̀rọ̀ náà tán, ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Orville Sundby, aṣòfin láti Minnesota, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún fi sójú.

"Signe, kí ni mo sọ fún àwọn ará Minnesota nígbà tí mo ń wá ìbò wọn?"

"Ẹ ní oṣù méjìlá, kò ní fi ọjọ́ kan lé."

"Ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Oṣù méjìlá Arvid, àbúrò mi, pé nínú Oṣù Kọkànlá. Bàbá ti kọ̀wé pé bí òjò dídì bá bẹ̀rẹ̀ tí Arvid kò tíì dé, òun yóò ta àwọn màlúù. Ìbàdí rẹ̀ tó ṣẹ́ nígbà òtútù kò san dáadáa, kò lè jókòó nídìí màlúù pẹ́ mọ́. Ọmọkùnrin aládùúgbò tó ń bá a fún wàrà yóò padà sí ilé ìwé láìpẹ́. Màlúù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Keje

Eulalie Tatum wá sí ọ́fíìsì wa láàárọ̀. Akọ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, aṣòfin láti Georgia, ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé ilé kan náà. Wọ́n gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní alẹ́ àná. Àìsàn ọkàn ni. Ó wá bẹ̀ wá pé kí Sundby so ìbò rẹ̀ mọ́ ti Pruitt, kí òun náà má dìbò níwọ̀n ìgbà tí Pruitt kò bá sí nílé.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ewúrẹ́ méjì lórí okùn kan. Bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, èkejì ò gbọdọ̀ dá lọ jẹko."

Sundby rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ rò ó kó tó gbà. Àwọn méjèèjì kò tíì fẹnu kò rí lórí ọ̀rọ̀ òkèèrè kankan. Bí Pruitt bá ní kí a kó ọkọ̀ ojú omi fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Sundby á ní kí a kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè gbèsè ogun àná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó Sundby kú, Pruitt so ìbò tirẹ̀ mọ́ ti Sundby, ó jókòó sórí àga rẹ̀, kò sì dìbò, kódà nígbà tí òfin òwú tó kan àwọn àgbẹ̀ Georgia dé, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ bú u bí ẹní bú olè.

Eulalie bèèrè pé, "Títí di ìgbà wo?"

A máa ń dá ọjọ́ sí i. Èmi ni mo dá a lóhùn: "Títí yóò fi padà sórí àga rẹ̀." Sundby mi orí. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó nínú Ilé yìí. Gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ owó orí ni yóò kọ́kọ́ dé iwájú Ilé, àti pé ti ológun kò ní dé kí Oṣù Kẹsàn-án tó wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹjọ

Arvid pè mí lórí fóònù láti àgọ́ wọn ní Louisiana.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ ká kíra títí, owó ẹyọ mi ò pọ̀. Ìbọn tí mo gbé lónìí, kápẹ́ńtà ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n kọ 'ọkọ̀ ogun' sára ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n ní ká sá fún un. A sá! Awakọ̀ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín débi pé ó kọlu igi."

Mo bi í bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n ní àwọn ọmọ ń kọ sára ògiri, pé àwọn yóò sá nínú Oṣù Kẹwàá.

"Ó wà lára gbogbo ilé ìgbẹ́ tó wà níbí."

"Ṣé ìwọ náà kọ ọ́?"

"Mi ò rí ṣọ́ọ̀kì." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, kí ọ̀gá yín ṣáà dìbò. Bí wọn ò bá jẹ́ kí n lọ nígbà tí ọjọ́ mi bá pé, ẹsẹ̀ ni màá fi rìn délé."

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Nítorí pé òwò àwa àti Japan ti dúró, wọ́n ní sílíìkì ń tán. Ní Sátidé, onílé mi, Ìyá Delahunt, tò láti àárọ̀ nítorí ìbọ̀sẹ̀ sílíìkì, ó sì ra mẹ́fà. Àwọn tó ń ta epo ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn ní agogo méje ìrọ̀lẹ́. "Ṣé a ò tíì wọ ogun tán báyìí?" ó bi mí. "Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, sọ fún mi." Mo ní èmi náà ń retí kí ẹnì kan sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ owó orí ti kọjá. Wọ́n ní ti ológun ló kàn, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe Oṣù Kẹsàn-án mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Àwọn Sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i: oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fẹ́ fi kún un. Ó ku àwa.

Sundby pẹ́ ní ọ́fíìsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà ní Bergen bí àbúrò bàbá tèmi. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ti wọ Norway lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó gbúròó wọn nínú wa.

"Norway náà ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà," ó ní. "Ó jókòó sílé rẹ̀ jẹ́ẹ́. Iná ò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé."

"Ṣé ẹ ti yí ọkàn padà ni, sà?"

"Rárá. Mo ní oṣù méjìlá, oṣù méjìlá ni. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún méjì àbọ̀, kó sọ ọdún méjì àbọ̀ lọ́jọ́ tó ń mú un. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n purọ́ fún ara mi pé mò ń sùn dáadáa."

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀gbẹ́ni Keogh, tó ń ka orí fún àwa tí a kò fẹ́ àbá náà, wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó ti làágùn débi pé ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Sundby, mo ti kà ọ́ mọ́ wa."

"Yọ mí. Mo so mọ́ Pruitt."

Keogh kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó ti ilẹ̀kùn. "Tú u! Ìbò kan tàbí méjì ló máa pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Aláìsàn ni, kò ní mọ̀."

"Èmi á mọ̀."

"Mọ̀ ọ́n nígbà náà, kí o sì dìbò! Ẹ̀rí ọkàn rẹ á sàn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?" Ó yíjú sí mi. "Míìsì Rostad, ẹ ní àbúrò nínú àgọ́, àbí? Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀, torí ọmọ màmá yín."

Sundby ní kó jáde. N kò rí i kó lé ènìyàn jáde rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Mo bá Eulalie nínú ilé ìdáná, ó ń gé tòmátì. Mo ní kó lọ sọ fún Pruitt pé kó tú wa sílẹ̀.

"Bí mo bá sọ fún un pé iye ìbò ìhà méjèèjì sún mọ́ra, kò ní tú yín sílẹ̀. Yóò ní kí wọ́n gbé òun wá. Dókítà ní kò ní gun àtẹ̀gùn Ilé yẹn láàyè. A ti gba rédíò àti ìwé ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀."

"Àbúrò mi ló wá máa san án."

"Àbúrò rẹ á wà nínú àgọ́, Signe, á máa jẹ ẹ̀wà, á máa bú wa. Ọ̀gá mi ńkọ́?"

Mo ní ẹni tó wà nínú àgọ́ kì í dúró nínú àgọ́ títí láé, Halvor, ẹ̀gbọ́n mi tó kú lójú ogun, náà wà nínú àgọ́ rí. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Halvor ni a ń sọ.

A kò jọ jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́tàlélógún tí Halvor kú sí igbó Argonne ní ilẹ̀ Faransé, nígbà ogun àná. Wọ́n bí Arvid ní oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó ní, "Èyí ò ní sọdá omi." Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà. Mi ò rí i kí Bàbá tún búra mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ sí ọsibítù. Sundby mọ̀, Eulalie kò mọ̀. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ sọ: kí Pruitt fi ẹnu ara rẹ̀ tú ọ̀gá mi sílẹ̀. Mo há a sórí nínú takisí.

Ó ti rù. Ohùn tó máa ń mi fèrèsé Ilé ti wá di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Míìsì Rostad! Sundby rán ọ wá wò ó bóyá mo ti kú?"

"Rárá o, sà. Ó ní kí n wá wọn gígùn yín ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ìròyìn ojú ọjọ́ nìkan ni Eulalie ń mú wá fún òun, bí ẹni pé òun jẹ́ àgbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ mi.

"Ọ̀la ni wọ́n máa dìbò lórí ti ológun. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ níbí sọ fún mi. Ṣé ó sún mọ́ra?"

Mo rí bàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. Ó rí i pé mo rí i.

"Bí ó bá sún mọ́ra, mò ń bọ̀," ó ní. "Ọkùnrin méjì tó lágbára ti ṣèlérí pé àwọn á gbé mi."

"Kò sún mọ́ra rárá, sà. Yóò wọlé láìsí wàhálà."

Ó fi orí lé ìrọ̀rí. "Ó dára. Ẹ̀yin ará Minnesota, ẹ máa bá ẹkún yín lọ." Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ń sùn.

N kò sọ gbólóhùn tí mo há sórí.

Nínú takisí mo yẹ irọ́ náà wò. Bí mo bá sọ òótọ́, Pruitt á wá, ìbò tirẹ̀ àti ti Sundby á pa ara wọn, kò ní yí nǹkan kan padà, ọkùnrin náà sì lè kú sórí àtẹ̀gùn. Ní báyìí tí mo ti purọ́, Pruitt wà lórí ibùsùn, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún Sundby. Bí ó bá dìbò, ìbò tirẹ̀ nìkan ni yóò wọlé, ó sì lè jẹ́ pé òun ni yóò pa àbá náà. Mo purọ́ kí ọkùnrin kan má baà kú. Mo purọ́ kí Arvid lè wá sílé. Gbólóhùn kan náà ni. N kò mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì.

Mo sọ fún Sundby nígbà tí mo dé.

"Ṣé o bẹ̀ ẹ́ kó tú mi sílẹ̀?"

"Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bóyá ó sún mọ́ra. Mo ní rárá. Ó sì sùn lọ."

Ó yí àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé. "Nítorí náà ló ṣe ń sùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ń sùn torí pé ó gbà wá gbọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Ooru yìí kò rí bí ti tẹ́lẹ̀, ó dà bí aṣọ tí omi gbígbóná rin, tí wọ́n jù lé ènìyàn lójú.

Kó tó lọ, Sundby dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. "Signe, ṣé o fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi?"

"Mo fẹ́."

"Sọ ọ́."

"Mi ò lè sọ ọ́, sà."

Ó mú fìlà rẹ̀.

Mo rí àyè lókè níbi ìjókòó àwọn òǹwòran, láàárín àwọn ìyá tó wọ dúdú, tí wọ́n da aṣọ bojú bí ẹni tó ń sìnkú. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di àwòrán ọmọ rẹ̀ mú. "Tìrẹ ńkọ́?" ó bi mí. Mo ní àbúrò. Ó fún mi ní súìtì mínńtì kan.

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Nígbà tí wọ́n pe Sundby, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́." Ohùn rẹ̀ le. Ní ìsàlẹ̀ mo rí Keogh tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orúnkún rẹ̀. Mo rò pé: ó ti ṣe é. Mo mọ ohun tí mo rò lẹ́yìn ìyẹn, mo sì kọ ọ́ síbí kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú: inú mi dùn. Mo rí Arvid lójú ọ̀nà ilé wa pẹ̀lú àpò lẹ́yìn.

Orúkọ parí. Kí wọ́n tó ka iye, Sundby dìde.

"Mo so ìbò mi mọ́ ti ọmọ Ilé yìí láti Georgia, tí àìsàn dá dúró. Bí ó bá wà níhìn-ín, 'Bẹ́ẹ̀ ni' ni ì bá wí. Mo dìbò 'Bẹ́ẹ̀ kọ́'. Mo yọ ọ́ kúrò. Ẹ kàn kọ ọ́ pé mo wà níhìn-ín, pé mi ò dìbò."

Ó jókòó. Keogh sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí n kò ní kọ.

Igba ó lé mẹ́ta fẹ́ ẹ. Igba ó lé méjì kò fẹ́ ẹ. Bí iye bá dọ́gba nínú Ilé wa, àbá ti kú.

Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n tún un kà, ṣùgbọ́n òòlù ti dún. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi bi mí pé ta ni ọkùnrin tó dìde gbẹ̀yìn. Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ó tún bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mò ń bá a ṣiṣẹ́. Ó mú àwòrán ọmọ rẹ̀, ó sì lọ jókòó síbòmíràn.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Wáyà àwọn ará Minnesota ń ya wọlé bí òjò. "Júdásì." "Má padà wá sílé." Ọ̀kan kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Oṣù méjìlá." Sundby ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ lórí tábìlì òun.

Mo kọ̀wé sí Arvid kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo kọ gbogbo rẹ̀, títí kan bàtà dídán.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ

Ìròyìn dé pé Ààrẹ àti olórí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé lórí omi. Ìlú ti gbàgbé ìbò wa.

Eulalie wá jókòó sétí ibùsùn mi. Ó ní Pruitt bi òun pé ìbò mélòó ni àbá náà fi borí. Òun ní ọ̀kan. Pruitt ní, "Ọmọbìnrin yẹn mọ irọ́ pa ju èmi lọ. Ẹ jẹ́ kó díje dupò." Ó sì sunkún. Ó ní kí Eulalie má sọ fún mi pé òun sunkún.

Ilé, Minnesota, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ

Ilé Aṣòfin sinmi. Rélùwéè gba ọjọ́ méjì. Bàbá pàdé mi pẹ̀lú ọ̀pá. A jẹ ẹja oníyọ̀ àti ọ̀dùnkún tán, kọfí sì délẹ̀ kó tó dá ọ̀rọ̀ ìbò sílẹ̀.

"Àwọn tó wà níbi tí a ti ń ta wàrà ní Sundby mú ìbò náà lọ́wọ́, ó sì jù ú nù."

"Bó ṣe rí nìyẹn, Bàbá."

"Wọ́n ní ó so ara rẹ̀ mọ́ ará Georgia olówùú kan láìdá ọjọ́. Ta ló ní kó má dá ọjọ́?"

"Èmi ni."

Ó da kọfí sínú àwo pẹrẹsẹ, ó fẹ́ ẹ. Ó mu ún tán.

"O rántí Ostby?"

Ta ló lè gbàgbé Ostby? Nígbà ogun àná tí Bàbá ní kí Amẹ́ríkà jókòó sílé, Ostby aládùúgbò wa wà lára àwọn tó wá fi ọ̀dà yẹ́lò, àmì ọ̀dàlẹ̀, kun ilé màlúù wa lóru. Ó pe Bàbá ní ọmọ ọ̀dọ̀ Jámánì, nígbà tí Halvor wà lójú ogun gan-an.

"Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn Halvor dé, ọkà wà nílẹ̀ tí a ò tíì pa," Bàbá ní. "Àáró kàn wá. Mo ní Ostby ò ní wá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi dé pẹ̀lú ẹṣin mẹ́rin. Kò kí mi, èmi náà ò kí i. Ó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì lọ. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n kò jẹ mí ní àáró."

"Ṣé ẹ ti dárí ji Sundby ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mi ò ní dìbò fún un mọ́ láé. Mo kàn ní kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àáró." Ó dìde pẹ̀lú ìrora. "Onígbàǹjo tó máa ta àwọn màlúù ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀."

"Ẹ sọ fún un kó má wá."

"Ta ni yóò máa fún wàrà wọn?"

"Èmi."

Ó gbé ọwọ́ mi sókè sí iná àtùpà, ó yí i padà. "Ọwọ́ yunifásítì," ó ní. "Àwọn màlúù á rẹ́rìn-ín títí."

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹjọ

N kò lè di pẹ́ńsù mú dáadáa. Màlúù kan tí wọ́n ń pè ní Dagny ta mí nípàá ní orúnkún, ó sì da garawa nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Onígbàǹjo wá. Ó mu kọfí, ó sì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti kọ̀wé sí Sundby pé kó fi ẹlòmíràn sí àga mi. Èsì rẹ̀ dé: ó ní àga náà wà níwájú fáànù, kò sí ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ títí èmi yóò fi padà. Òun kò dá ọjọ́ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí Arvid, n kò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù Kẹwàá wọlé ní Ọjọ́rú. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá ń wo ojú ọ̀nà, tí kò sì ń sọ ohun tó ń wò.

Lónìí ọmọ aládùúgbò mú lẹ́tà wá láti ìlú. Àná ló dé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bínú sí yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ra ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tó yá mo lò ó láti fi kọ iye ayò sílẹ̀. Mi ò ní sá. Wọ́n ti fún wa ní ìbọn gidi báyìí, ó wúwo ju ti kápẹ́ńtà lọ. Ẹ sọ fún Bàbá pé oṣù méjìdínlógún kò jìnnà. Ta ló ń fún wàrà Dagny? Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó máa ń ta ènìyàn nípàá. Apá òsì ni kí ẹ jókòó sí."

Mo kà á sókè fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èkejì, ó fa aṣọ fèrèsé bo ojú ọ̀nà.

Koríko ti funfun fún òtútù nígbà tí mo jáde. Mo gbé àpótí ìjókòó lọ sí apá òsì Dagny. Ó dúró jẹ́ẹ́.